Mo ti fẹ́ gé e dànù o

Láàárọ̀ yìí, mo gbé àdá láti gé afòmọ́ kan kúrò lára igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ni bàbá ilé kejì bá pariwo: "Má gé e o, ọmọ mi! Ọ́kíìdì (orchid) nìyẹn, irú ewéko olódòdó kan ni, kì í fa oúnjẹ lára igi."

Mo sún mọ́ ọn. Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ó ní tótòtó dúdú bí awọ ẹkùn. Gbòǹgbò rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù: funfun, ó nà sókè ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ewé gbígbẹ há sí i láàárín. Ewé tó ń jẹrà yẹn ni oúnjẹ rẹ̀! Àwa tá a ní afòmọ́ ò légbò.

Irú ọ́kíìdì lé ní 25,000 láyé. Fàníllà inú áísìkiriìmù pàápàá, ẹbí wọn ni. Ẹ ti rí i lórí igi yín rí?