Òkè tí mo gùn tí ẹsẹ̀ mi fi wọlẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, tàbí kẹ́ ẹ rín in níwọ̀nba, torí ìyàwó mi ti rín tiyín mọ́ tiẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní England níbí ló kó sí mi lórí. Wọ́n lọ gun Ben Nevis, òkè tó ga jù ní Britain, mítà 1,345, wọ́n wá dé, wọ́n ń fi fọ́tò dà wá láàmú nínú gúrúùpù WhatsApp láàárọ̀ lálẹ́. Èmi tí orúnkún mi ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé, kí ni mo fẹ́ fi fèsì? Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi tó ga jù ní káúńtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìpínlẹ̀ tiwọn, ni wọ́n ń gùn kiri. Mo ní èyí ni tèmi. Mo wá èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀, mo bá rí Huntingdonshire. Bíi mítà 80 péré! Lóòótọ́, wọ́n ti da káúńtì ọ̀hún pọ̀ mọ́ Cambridgeshire látọdún 1974, àmọ́ àwọn tó ń gun òkè yìí ṣì ń kà á, èmi náà sì kà á, torí ibi tó ga jù ní Cambridgeshire fúnra ẹ̀, ní Great Chishill, jẹ́ mítà 146, ta ló fẹ́ wàhálà.

Orúkọ ibi tá à ń lọ ni Boring Field, ìyẹn pápá tó ń súni. Mi ò purọ́ fún yín, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Ó yẹ kí n ti gbọ́n níbẹ̀.

Mo ra bàtà òkè, mo ra ọ̀pá méjì, mo gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀, ó ní "Dádì Tọ́mi, ṣé ogun lẹ̀ ń lọ ni?" Ó ṣáà tẹ̀ lé mi.

Àṣé gígùn kọ́ niṣẹ́, rírí òkè ọ̀hún ni. A dé Covington, abúlé kékeré kan nítòsí ààlà Northamptonshire, a rìn wọ ẹ̀gbẹ́ oko, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Ibi tó bá dà bíi pé ó ga lọ́ọ̀ọ́kán, tá a bá débẹ̀, ibi tá a ti kúrò láá tún wá dà bíi pé ó ga jù, a padà, ó tún yí padà. Mo tan fóònù kó sọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó, ó ní mítà 76, kí n tó ṣẹ́jú ó ti di 83, mo jókòó kí n sinmi, ó di 87. Kí ló ń gbé mi sókè? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ gbọ́ o, GPS fóònù mọ ibi téèyàn dúró sí dáadáa, àmọ́ bí ibẹ̀ ṣe ga tó, ó kàn ń méfò ni.

Mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo fi ike omi lélẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, omi ẹ̀ ti dé ìdajì, mo ní ibi tó bá yí sí ló rẹlẹ̀, àwa á gba òdìkejì. Mo dojú bolẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, mo dijú kan, mo ń wo omi inú ike. Ike ò mira. Mo fìka tì í, ó yí ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró. Kòkòrò kan gun orí ẹ̀, ó wò mí, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi ti ń ya fídíò.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i. Òkìtì! Ní igun oko lọ́hùn-ún, koríko tútù bò ó lórí, ó ga jù mí lọ. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí òfin eré yìí mọ́, pé èyí tí Ọlọ́run dá nìkan ni wọ́n ń kà, èyí téèyàn bá kó jọ ò sí nínú ẹ̀. Mo gùn ún. Ilẹ̀ ẹ̀ rọ̀, ó tún ń móoru lábẹ́ bàtà, mo ní bóyá bí òkè tiwọn ṣe rí nìyẹn. Mo dé téńté, mo na ọ̀pá méjèèjì sókè, mo ní kí ìyàwó mi yà mí. Ó ní "Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, orí yín ò wọlé." Mo sún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé dé orúnkún, tòsì tẹ̀ lé e, mo fẹ́ fọwọ́ ti ara mi dìde, ọwọ́ náà wọlé. Ooru kọ́kọ́ jáde, òórùn wá tẹ̀ lé ooru. Ìgbẹ́ màálù ni, ẹ gbà mí o! Ìgbẹ́ màálù tí wọ́n kó pa mọ́ fún oko, tó ń jẹrà jẹ́jẹ́ ẹ̀ kí n tó dé.

Bàbá òyìnbó kan tó mú ajá ẹ̀ rìn jáde ló wá bá wa. Ajá ọ̀hún ò sún mọ́ mi. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní ṣé ibi tó ga jù là ń wá, pé àwọn èèyàn máa ń wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, látinú ìgbẹ́. Ó nawọ́ sẹ́yìn wa, ó ní ọ̀hún yẹn ni, níbi tí mo dojú bolẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, pé òun tiẹ̀ ti ń rò pé ara mi ò yá.

Ike omi mi ṣì wà níbẹ̀, ó sùn gbalaja. Orí òkè ni mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé látàárọ̀!

Ìyàwó mi ló wa ọkọ̀ padà, èmi jókòó sẹ́yìn lórí ọ̀rá, gbogbo fèrèsé ṣí sílẹ̀, òtútù ń pa wá. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé Huntingdonshire yìí kan náà ni Holme Fen wà, ibi tó rẹlẹ̀ jù ní Britain, bíi mítà 2.75 nísàlẹ̀ ojú òkun. Ó ní wọ́n ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1851, orí ẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, wọ́n wá fa omi adágún Whittlesey gbẹ, ilẹ̀ dúdú rírọ̀ tó wà níbẹ̀ ń gbẹ, ó ń sún kì, òpó náà ti yọ jáde tó mítà mẹ́rin báyìí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Dádì Tọ́mi. Tibẹ̀ rọrùn. Ilẹ̀ láá máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀yin á kàn dúró."

Mi ò dá a lóhùn, torí fóònù mi ti ń dún lápò, ó ń dún, ó ń dún, mi ò sì lè fi ọwọ́ yẹn mú un. Ká tó kúrò ní Covington ló ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sínú gúrúùpù àwọn ará Ben Nevis.