Ìbàdàn sí Èkó wákàtí méje, Èkó sí London mẹ́fà àbọ̀

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èkó sí London tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni bàálù fi gbé wa débẹ̀. Ìbàdàn sí Èkó ò tó 150, wákàtí méje gbáko ni mo lò lójú títì.

Aago méjì ọ̀sán ni mo wọkọ̀ ní Challenge. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni bàálù máa gbéra, mo ní màá tiẹ̀ ráyè jẹ àmàlà n'Íkẹjà. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò ní í dúró níbì kankan. Kò kúkú parọ́, mọ́tò ẹ̀ ló dúró. Bá a ṣe dé Ògèrè báyìí, a gbọ́ gbòà, fáànù bẹ́líìtì ti já, èéfín gba gbogbo iwájú. "Ẹ má bínú, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni." Ọmọ ọkọ̀ gun ọ̀kadà lọ ra òmíì, ó pẹ́ títí kó tó dé, èyí tó rà ò wọ̀ ọ́, ó tún padà lọ, àwa dúró sáàárín àwọn tírélà, Alhaja kan fìdí lé báàgì mi, mi ò sì lè ní kí wọ́n dìde torí wọ́n jọ ìyá mi.

Ọmọ tó ń ta omi ti mọ̀ pé a ò ríbi lọ. Píọ̀ wọ́tà kan, 200 náírà! Mo ní ṣebí 50 ni mo rà á ní Challenge. Ó ní, "Brọ̀dá, ẹ lọ rà á ní Challenge náà." Mo sanwó. Omi yẹn ò tiẹ̀ tutù.

Nígbà tá a máa fi gbéra, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti ń dúró dè wá láti Mowé dé Berger. Aago mẹ́sàn-án ni mo sáré wọ ẹ́pọ́ọ̀tù, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo eruku ara mi títí, kò sọ̀rọ̀.

Àmọ́ bàálù yẹn, áà! Ìrẹsì wọn kéré bíi ti ẹyẹ, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ni mo jókòó sí. Èkó àti London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, àríwá tààrà ló kọjú sí: Niger, Àlùjíríà, òkun, Faransé. Aṣálẹ̀ Sàhárà nìkan lé ní wákàtí méjì, òkùnkùn biribiri, iná bíńtín níbì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Sìkírìnì iwájú mi ní à ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Mo ṣírò ẹ̀: Ìbàdàn sí Èkó ò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Àṣé ìṣẹ́jú mẹ́wàá dẹ́rẹ́bà yẹn, ti bàálù ló ń kà.

Tó bá jẹ́ bàálù alẹ́ lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ kúrò n'Ìbàdàn, tàbí kẹ́ ẹ ti lọ sùn sílé ẹbí l'Ékòó láti àná ẹ̀.

A balẹ̀, mo tan fóònù, ohùn Mọ́mì ló kọ́kọ́ wọlé lórí WhatsApp: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti tún mọ́tò yẹn ṣe?"