Mo ra ọkọ̀, mi ò ra ẹnu ọ̀gá

Mo lọ gbé obìnrin kan tó fi fóònù pe ọkọ̀ ní Silver Spring, ní Maryland, lóṣù Kẹta ọdún 2025. Ó ti nawọ́ sí ilẹ̀kùn kó tó rí àmì T ti Tesla tó wà lára ọkọ̀. Ló bá fà sẹ́yìn. Ó ní kí n má bínú, òun ò fẹ́ kí ará àdúgbò rí òun nínú eléyìí. Ojú mi ló ṣe fagi lé ìrìn náà lórí fóònù, ó tún juwọ́ sí mi pé ó dàbọ̀.

Ẹ gbọ́, kí ló kan èmi ọmọ Ìbàdàn níbẹ̀? Àlòkù ni mo ra Tesla Model 3 yìí, owó epo ló lé mi débẹ̀. Bí mo ṣe ń cháàjì fóònù ni mo ṣe ń fi í sí iná lálẹ́. Ìbò gan-an, mi ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ sí i níbí.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó bí irú obìnrin yẹn nínú. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kún Maryland bí omi, Elon Musk, ọ̀gá Tesla tó ti Trump lẹ́yìn, ló sì wà nídìí DOGE nígbà náà, ìyẹn ẹ̀ka tí Trump dá sílẹ̀ láti gé ìnáwó ìjọba, tó ń lé irú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ń jẹ lọ́kàn, tí wọn kì í ṣe ti Trump, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra ọkọ̀ oníná l'Amẹ́ríkà. Àfi bí ìyá ẹlẹ́kọ tó ń fi ọmọrogùn lé oníbàárà! Trump ra Tesla pupa kan lóòótọ́ níwájú White House. Ẹyọ kan.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2025, ọkọ̀ 336,681 ni Tesla kó fún oníbàárà. Ní irú àkókò yẹn lọ́dún 2024, 386,810 ni. Wọ́n ń pààrọ̀ ọkọ̀ wọn Model Y sí tuntun nílé iṣẹ́ wọn nígbà náà, BYD, iléeṣẹ́ ọkọ̀ oníná ti China, náà sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, n ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ wo Jámánì, níbi tí Musk ti ní AfD, ẹgbẹ́ òṣèlú tó kórìíra àjèjì, nìkan ló lè gba ìlú náà là. Ní oṣù Kìíní 2025, ọkọ̀ oníná lápapọ̀ fi ohun tó lé ní ìdá 50 nínú 100 pọ̀ sí i níbẹ̀. Ti Tesla já wálẹ̀ ju ìdajì lọ.

Ìyàwó mi ti ra sítíkà tó ní a ra ọkọ̀ yìí kí á tó mọ̀ pé orí Elon ti dàrú. Ó ṣì wà nínú àpò ìjókòó. Àwọn èrò tó fẹ́ràn Trump náà ń sanwó.