Ọdún Kan Kí N Tó Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn

Nígbà tí lẹ́tà ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tẹ̀ mí lọ́wọ́, àwọn ẹbí mi rò pé n ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́ lójú ẹsẹ̀. Inú èmi náà dùn, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi fi àyè mi pa mọ́ di ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 4 ni lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gba oyè àkọ́kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń wọlé tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún 5 tàbí 6, lẹ́yìn náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílé ìwòsàn yóò tún gba ọ̀pọ̀ ọdún mìíràn. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo rí i pé ọdún kan ṣoṣo kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé láti kékeré ni mo ti ń sọ pé dókítà ni mo fẹ́ dà, síbẹ̀ n kò tíì jókòó ti aláìsàn tí kì í ṣe ẹbí mi fún wákàtí kan rí.

Nítorí náà, mo gba iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí kò lè yí ara wọn padà lórí ibùsùn. Wákàtí 2 kì í kọjá kí a tó yí wọn, torí bí ìwúwo ara bá tẹ ojú kan pẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, awọ ibẹ̀ yóò sì kú, yóò di egbò. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi níṣẹ́ fi hàn mí bí a ti ń ki ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má baà kan ibùsùn, àti bí a ti ń fi ìka tẹ ibi tó bá pọ́n: bí ibẹ̀ bá ṣá, tí ó sì tún pọ́n nígbà tí a gbọ́wọ́ kúrò, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń rìn níbẹ̀; bí kò bá ṣá rárá, egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n náà lè má hàn sí ojú, nítorí náà ọwọ́ ni a fi ń wá a, bóyá ibẹ̀ gbóná tàbí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ.

Ní òru ọjọ́ kan, mo ká aṣọ ìbora wọn láìsọ nǹkan kan, torí mo rò pé wọ́n ti sùn. Ìyá náà di ọrùn ọwọ́ mi mú ṣinṣin, wọ́n ní, “Ọmọ mi, máa sọ fún mi kí o tó fọwọ́ kàn mí.” Mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá.” Wọn kò tètè tú mi sílẹ̀. Láti òru yẹn ni mo ti ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò lè dáhùn ni mo fẹ́ yí.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ fi àyè òun pa mọ́ bíi tèmi gbọ́dọ̀ tètè béèrè. Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbà, àwọn tó sì ń gbà sábà máa ń fẹ́ kí a kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá. Ẹ bi àwọn tó fún yín ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà bóyá owó wọn yóò dúró. Ẹni tí kò tíì gba àyè, tó sì ti ṣe MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kó má gbàgbé pé èsì rẹ̀ ń gbó: ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í gba èyí tó ti ju ọdún 2 tàbí 3 lọ.

Oṣù tó ń bọ̀ ni n ó wọlé. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa wá ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ jókòó ti ìwé mi ná.