Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Pípe Om Lẹ́yìn Tí Ohùn Mi Já ní Rishikesh

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ti Íńdíà dé, ojú ṣì ń tì mí nígbàkigbà tí mo bá rántí òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin tí mo lò ní Rishikesh, ìlú kan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Om, ọ̀rọ̀ mímọ́ àwọn Híńdù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ yóga, tí ẹ sì gbà, bí mo ti gbà tẹ́lẹ̀, pé bí ohùn bá ṣe le tó ni àǹfààní rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mí láti kékeré, ohùn mi sì ni àwọn ènìyàn fi ń yìn mí. Nítorí náà, nígbà tí a jókòó létí odò Ganga kí ilẹ̀ tó mọ́, tí olùkọ́ wa ní kí a pe Om ní ìgbà 21, ńṣe ni mo gbóhùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ohùn ẹlòmíràn mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ní ọjọ́ kẹrin, a kò tíì dé ìdajì tí nǹkan fi gún mi lọ́nà ọ̀fun bí ẹni tí ó gbé egungun ẹja mì, ohùn náà já, ó ku afẹ́fẹ́ lásán. Ikọ́ gbé mi, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì kán sórí ìborùn funfun tí mo dà bora. Olùkọ́ wa na ọwọ́ sókè, gbogbo ènìyàn dákẹ́, olùkọ́ sì bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: “Ta ni o ń pè tí o rò pé kò gbọ́?” Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, kò sí ohùn. Mo dìde, mo sọ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn odò, mo sì ń sunkún. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí àwọn yòókù tún bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn sì dọ́gba, ó tutù, ó dùn ju ìgbà tí mo wà láàárín wọn lọ. Ìyẹn ni ó dùn mí jù.

Omi gbígbóná àti ìsinmi ọjọ́ márùn-ún ni ohùn mi fi padà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má ṣe pariwo. Mandukya Upanishad, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù kan tí ẹsẹ rẹ̀ kò ju 12 lọ, pín Om sí A, U àti M: jíjí, àlá lílá, àti oorun àsùnwọra. Ìkẹrin kò ní lẹ́tà kankan; ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni. Olùkọ́ wa ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, kí n la ẹnu pe A. Kí n ká ètè jọ fún U. Kí n wá pa ètè dé, kí M máa kùn bí oyin. Ìka tí mo fi kan imú mi ń gbọ̀n bí awọ ìlù. Lẹ́yìn èyí, kí n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni èmi kì í dúró gbà. Èémí tí n óò fi pariwo mìíràn ni mo máa ń wá.

Ẹ̀kọ́ kejì kò jìnnà sí i: ohun tí Patanjali, ọlọ́gbọ́n àtijọ́ tí wọ́n ní ó kọ ìwé Yoga Sutra, sọ ni pé kí a máa pè é léraléra, kí a sì máa ro ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ti bi mí pé kí ni akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń wá níbẹ̀. N kò fi ìgbàgbọ́ mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mímọ́ ni Om jẹ́ fún àwọn Híńdù, n kò sì ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kí ara lè tu ẹnikẹ́ni.

Bí ọ̀fun bá ń dùn yín, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ pè é nínú ọkàn. Bí mo ti ṣe é nìyẹn fún ọjọ́ márààrún, olùkọ́ wa sì ní pípè ni.