Ẹ Po A Mọ́ A Kí Ẹ Tó Po A Mọ́ B

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ láàbù, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti tì mí. Mo ń ṣe máàsítà nílùú Ọba nígbà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n gba ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì tí kò bára tan, ká pè wọ́n ní A àti B, kí n yọ sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀, kí n pò wọ́n pọ̀ sínú ihò kan lára pílèètì, àwo oníhò wẹ́wẹ́ tí a fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, kí n sì wò ó bóyá ti A yóò mọ̀ pé àlejò ni ti B. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, sẹ́ẹ̀lì ti pín lọ súà. Mo tẹ èsì rẹ̀ sórí bébà, mo gbé e tọ ọ̀gá mi lọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ihò tí o ti po A mọ́ A ńkọ́?" N kò ṣe é. Wọ́n dá bébà mi padà, wọ́n sì yíjú sí kọ̀ǹpútà wọn.

Àyẹ̀wò yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1964, Barbara Bain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, kọ̀wé pé bí a bá po sẹ́ẹ̀lì funfun ẹni méjì pọ̀, wọn á wú láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọn á sì máa pín. Ti ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òye yẹn náà ló wà nídìí kíndìnrín tí Joseph Murray gbé láti ara Ronald Herrick sí ara ìkejì rẹ̀, Richard, ní Boston lóṣù Kejìlá ọdún 1954: ara Richard kò rí àlejò kankan. Àwa Yorùbá tí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o. Ẹyin méjì ni púpọ̀ nínú Táíwò àti Kẹ́hìndé wa ti wá, bí ọmọ ìyá lásán ni wọ́n ṣe rí nínú ihò.

Kí ló ń bí sẹ́ẹ̀lì A nínú gan-an? Lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa ni ohun kan wà tó ń jẹ́ HLA. Àtẹ ni. Sẹ́ẹ̀lì á gé èérún àwọn purotéènì inú rẹ̀, á pàtẹ wọn síbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó ń ṣọ́ ara, á sì máa kọjá, wọ́n ń wo ọjà. Lẹ́yìn egungun àyà, nínú ẹ̀yà ara kan tó ń jẹ́ thymus, ni sẹ́ẹ̀lì T ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Èyí tí kò bá dá àtẹ onílé mọ̀ rárá á kú síbẹ̀, èyí tó bá sì ń gbéjà ko àtẹ onílé náà á kú. Àwọn tó ṣẹ́kù mọ àtẹ ilé wọn dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi àtẹ ará ibòmíràn kọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí àtẹ B fi ń da púpọ̀ nínú wọn láàmú. Fáírọ́ọ̀sì tí ara kò rí rí, sẹ́ẹ̀lì T tó lè dá èérún rẹ̀ kan mọ̀ kì í sábà pé ẹyọ kan nínú 10,000. HLA ẹlòmíràn ńkọ́? Láti 1 dé 10 nínú 100 ló máa ń dìde sí i. Nítorí náà ni ẹ kò fi ní láti kọ́kọ́ gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ kí ihò yín tó dáhùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Ẹ ó po ẹ̀jẹ̀ mọ́ omi oníyọ̀, ẹ ó dẹ túúbù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà máa ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára ògiri túúbù sórí Ficoll, omi kan tó wúwo, láìdà wọ́n pọ̀. Ẹ ó wá yí i nínú ẹ̀rọ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá jáde, ẹni tó bá ti rí ògì tó rọ̀ sísàlẹ̀ tí omi rẹ̀ dúró lókè ti mọ ohun tó ń wò: ẹ̀jẹ̀ pupa nísàlẹ̀, Ficoll lórí rẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lókè pátápátá, àti láàárín àwọn méjèèjì tó wà lókè yìí, òrùka funfun tín-ín-rín kan. Òrùka yẹn la wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, mo gbàgbé láti pa búréèkì ẹ̀rọ náà. Ó dúró gì, òrùka mi sì fọ́n ká bí ògì tí ọmọdé jì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí A àti A. Nígbà tí mo tún un ṣe, sẹ́ẹ̀lì A tí kò rí ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ara rẹ̀ náà pín! Kì í ṣe B nìkan ló fa gbogbo ayọ̀ mi ọjọ́sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá a kí n tó rí i pé serum tí mo fi ń bọ́ wọn, ìyẹn omi tó ń kù bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, tí wọ́n yọ lára ọmọ inú màlúù, ni. Ìgò tuntun la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń ta wọ́n jí. Màlúù ṣáà ni, àlejò lòun náà. A pààrọ̀ rẹ̀ sí serum ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AB, nítorí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí ń bá ẹ̀jẹ̀ onírú A tàbí onírú B jà (kì í ṣe A àti B inú ihò wa o), ihò A àti A sì rọlẹ̀. A àti B ṣì ń pín, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kéré sí ti bébà mi àkọ́kọ́ gan-an.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ń parọ́. Bí ihò bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì yín ti kú. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń fi PHA, tí wọ́n ń yọ lára ẹ̀wà pupa, sínú ihò kan. Láti ọdún 1960 ni Peter Nowell ti rí i pé ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí pín. Èyí tí kò bá dá ẹ̀wà lóhùn, ẹ má retí pé yóò dá B lóhùn. Ẹ sì rántí fi oògùn mitomycin dí B lọ́wọ́ kó má lè pín, kó kàn máa pàtẹ lásán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kan A. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà kan, A dákẹ́, mo rò pé mo ti rí ohun ńlá.

Wọ́n tún kà á léèwọ̀ fún wa láti lo ẹ̀jẹ̀ ara wa. Mo rò pé wàhálà oníwèé lásán ni, títí ẹnì kan fi bi mí pé: bí abẹ́rẹ́ tó ní sẹ́ẹ̀lì tìrẹ tó ti yíwà padà nínú pílèètì bá gún ọ, ta ni yóò lé e jáde? Ti ẹlòmíràn, ara rẹ á rí i lálejò. Tìrẹ, ọmọ onílé ni.

Pílèètì mi ti ọ̀sẹ̀ yìí ṣì wà nínú incubator, àpótí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì móoru bí inú ara. Mo fi máká dúdú kọ ọ́ sórí ìdérí rẹ̀: ìlà kìíní, A àti A, ìlà kejì, A àti ẹ̀wà. Ìlà kẹta ni B tó dé.