Ewé ìbẹ́pẹ tí kò jọ ewé mọ́: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Ọ̀sẹ̀ kìíní
Fọ́tò 14 ni mo yà, ewé ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Iṣan rẹ̀ ló fà mí mọ́ra: ojú kan ni wọ́n ti ya, wọ́n wá tàn káàkiri bí ìka ọwọ́. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo yà á. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, mo yọ àwọ̀ kúrò. Ó mà ṣe o! Eérú lórí eérú.

Ọ̀sẹ̀ kejì
Fọ́tò aláwọ̀ kan, mẹ́ta ni wọ́n tò léra: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Mo fi Decompose inú GIMP tú wọn ká, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àwọ̀ ewé ló mọ́lẹ̀ jù, àmọ́ iṣan àti ara ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbẹ̀. Ti búlúù ṣókùnkùn, ó sì rí bí ẹni da iyanrìn sí i. Ti pupa ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí: chlorophyll, èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀, máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, torí náà ara ewé dúdú, iṣan tí kò ní in púpọ̀ sì yọ kedere bí okùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta
Threshold ló kàn, irinṣẹ́ GIMP tó ń sọ fọ́tò di dúdú àti funfun nìkan. 0 ni dúdú kirikiri, 255 ni funfun báláú. Nọ́ńbà tí mo bá mú láàárín ló ń pín wọn: ohun tí kò bá tó o á di dúdú, ìyókù á di funfun. Ní 128, ewé di dúdú pátápátá. Ní 84, iṣan ńlá nìkan ló kù. Ní 60, iṣan wẹ́wẹ́ jáde bí àwọ̀n.

Síbẹ̀, ewé ṣì ni. Etí rẹ̀ ló ń tú u fó. Karl Blossfeldt, ayafọ́tò ará Jámánì, kò ní irú wàhálà yìí. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1928, ó sọ ewéko di ńlá débi pé wọ́n jọ irin tí alágbẹ̀dẹ rọ, kò sì fi ohun tí wọ́n jẹ́ pamọ́. Èmi fẹ́ fi pamọ́. Mo gé gbogbo etí sọnù, mo fi oríta iṣan méjì sílẹ̀, mo yí i dùbúlẹ̀. Àbúrò mi yọjú, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, odò wo lẹ yà láti òkè yìí?” Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin
Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Yíńkì dúdú pọ̀ jù, ìwé fẹ́lẹ́ náà sì hunjọ. Mo yí i padà, iṣan dúdú lórí funfun. Yíńkì dínkù, àmọ́ odò yẹn ti gbẹ. Ìwé tó nípọn ni màá gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní dúdú rẹ̀.